Òfin Waya Ile

Puláyà tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn ò tíì kan òjé tí wọ́n fi ṣe èdìdì sí ara ọ̀pá irin náà tí ògiri ti sọ̀rọ̀.

"Ibidun Sowande. Yo owo re."

Ó yọ ọ́. Ta ni ò ní yọ ọ́? Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo Adènà tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri ilé ìgbẹ̀bí, olójú dígí kan ṣoṣo tí kì í ṣẹ́jú. Kò sí ilé kan ní Òkè-Àká tí kò ní tirẹ̀. Adènà ní í ṣílẹ̀kùn, òun ní í tú omi sílẹ̀, òun ní í ka iná tó ń ti Àká Ńlá, níbi tí wọ́n ń kó iná pamọ́ sí lórí òkè, wá sínú ilé, òun náà ní í ṣọ́ òfin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣe ohunkóhun fún òun, ọwọ́ ni yóò nà sí i, nítorí ọwọ́ ló fi ń mọ èèyàn. Ohùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Kò ga, kò rẹlẹ̀, àárín ló ń gbà lọ bí ẹni tó ń ka ohun tí kò yé e. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ, kò sì ní ọ lẹ́nu. Ẹni a di eni, ọ̀la a di ola, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa sín in jẹ títí àwọn ìyá wọn yóò fi pè wọ́n wọlé.

Nǹkan tó ń ṣe ilé náà ò le. Àpótí ìmóoru tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé sí ti gbó, iná díẹ̀ sì máa ń ṣáko jáde lára rẹ̀ sínú irin tó yí i ká. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́. Wáyà kan wà tó ń kó irú iná bẹ́ẹ̀ gba abẹ́ ògiri lọ bá ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á sì gbé e mì. Wáyà yẹn gan-an ló ti dógùn-ún níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá, tó já. Iná tó ṣáko ò ríbi lọ mọ́, ara irin àpótí ló ń dúró sí, ó ń retí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ló gbé Ìyá Dúródọlá, agbẹ̀bí tó ni ilé náà, tó sọ ọ́ sẹ́yìn lu ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti gbé ọmọ jáde kí ó tó padà wá tún aṣọ inú àpótí ṣe.

Kí a tú èdìdì òjé, kí a ha ìdógùn-ún, kí a gé orí wáyà tó ti jẹrà, kí a tún un dì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbídùn ti ń ṣe é láti ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ojú dídì ló sì fi kọ́ ọ, nítorí ọ̀gá rẹ̀, Bàbá Láṣebìkan, gbà pé oníṣẹ́ iná tí ọwọ́ rẹ̀ ò ríran, kò tíì kọ́ṣẹ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ríran ju ojú rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ò sì ṣe é ṣe.

Òfin ni kò jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ ojú Adènà, bó ṣe wà ní gbogbo ilé:

Eni ti o ba tu waya ile ti a ti fi edidi di, a o gba owo re.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọdún tí iná jó àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àpáta, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin yìí. Oníṣẹ́ iná kan tó wà láàárín wọn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe nǹkan lórúkọ tí oníṣẹ́ ń pè é. Bó bá jẹ́ áàtì, bí oníṣẹ́ iná ṣe ń pe wáyà tó wọ ilẹ̀, ni wọ́n ń wí, kí wọ́n kọ áàtì síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà pín sí méjì. Àwọn àgbààgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní òfin Òkè-Àká ò ní fi ẹnu àjèjì sọ̀rọ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni àwọn yóò fi kọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé Yorùbá pọ́ńbélé lé ẹ̀rọ tí kò mọ àmì ohùn lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí kò lè fi ẹyọ nǹkan kan sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n? Gbogbo wọn ti kú tán báyìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá wáyà ilé ni wọ́n ń wí, ìyẹn àwọn wáyà tó yí inú ilé ká, tàbí wáyà ilẹ̀, ẹyọ kan tó lọ sínú ilẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ òfin náà, wọn ò sì jùra wọn lọ. Ilé-iṣẹ́ Àbójútó Ilé ń kà á ní ilé. Ilé-iṣẹ́ Wáyà ń kà á ní ilẹ̀. Nígbàkígbà tí Adènà bá rí èdìdì tó já, yóò fọhùn lọ bá wọn, ohùn náà á bọ́ sórí tábìlì ibí tàbí kó bọ́ sórí tábìlì ọ̀hún, bó bá ṣe wù ú. Ibi tó bá bọ́ sí ni ìdájọ́ ti ń wá. Lóṣù tó kọjá, Ìbídùn tún irú ọ̀pá yìí kan náà ṣe nílé ahunṣọ tó wà lẹ́yìn odò, Àbójútó Ilé ló rí i, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kò ṣẹ̀, pé wáyà tó wà nínú ilẹ̀ kì í ṣe wáyà ilé. Ìwé náà ló ká sápò báyìí. Ó yọ ọ́, ó nà án sókè síwájú ojú dígí náà.

Adènà kì í ka ìwé ẹnikẹ́ni. Ìbídùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn nà án náà ni.

Ó ní kó ka òfin fún òun. Adènà kà á. Ìbídùn bi í bóyá wáyà ilé ni àbí wáyà ilẹ̀, ó fa ohùn rẹ̀ lókè ní àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìkejì, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

"Waya ile," ni Adènà wí.

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Waya ile. Ofin ko ni ami. Eni ti o ba fi ami si i, o ti so o di ofin miiran."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dé eyín. Bí ẹ bá ti bá odi sọ̀rọ̀ rí, ẹ mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Ìgbà náà ni alábẹ̀wò dé. Ilé-iṣẹ́ Wáyà, tí ìròyìn wáyà tó já ti dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀, ló rán an, Fápohùndà lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má rẹ́rìn-ín, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń wí nípa ohùn tó yí padà ni wọ́n rán wá ṣàlàyé ohùn tí kò sí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì mọ ẹ̀yẹ àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Dúródọlá kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí ilé yìí ni wọ́n ti bí i, ọwọ́ ìyá àgbà yìí ló fi kọ́kọ́ kan ayé. Ó kí Ìbídùn kú iṣẹ́. Ó wá bọ àpò, ó fa ìwé jáde, ojú sì ń tì í bó ṣe ń fà á jáde.

Ohun tó wà nínú ìwé kò gùn. Ilé-iṣẹ́ Wáyà ní ilẹ̀ ni àwọn ń kà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú wáyà ilẹ̀ tó ti ní èdìdì, àfi òṣìṣẹ́ tí àwọn bá rán wá fúnra àwọn, àti pé òṣìṣẹ́ náà yóò dé ilé ìgbẹ̀bí yìí ní ọjọ́ kejìlá òní. Ní ti ìjà tó wà láàárín àwọn àti Àbójútó Ilé, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó lẹ́yìn ìkórè láti fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà.

Ìbídùn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ìwé tirẹ̀ tì í. Òǹtẹ̀ ìlú wà lára méjèèjì, òǹtẹ̀ kan náà, aró kan náà. Ó bi ọmọkùnrin náà pé èwo ni kí òun tẹ̀ lé.

"Àǹtí, tí ẹ bá tẹ̀ lé tiwa, ẹ ò ṣẹ̀ wá," ni Fápohùndà dáhùn. "Tí ẹ bá tẹ̀ lé tiwọn, ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n."

"Ọmọ tó wà nínú ilé ńkọ́? Ta ni a ò ní ṣẹ̀ tí a bá fi í sílẹ̀?"

Fápohùndà wo ilẹ̀.

Ọmọ oṣù méje ni ọmọ náà, ó ti lo ọjọ́ mẹ́fà láyé, kò tóbi ju ọwọ́ àgbàlagbà méjì tí a tẹ́ papọ̀ lọ. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti pa àpótí ni wọ́n ti ń fi ara gbé e. Ẹniọlá, ìyá rẹ̀, so ó mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ibà ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti bímọ, òógùn á bò ó, òtútù á mú un, á máa gbọ̀n, ọmọ á sì máa bá a gbọ̀n. Tí ó bá rẹ̀ ẹ́, Ìyá Dúródọlá á gbà á. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni ìyá yìí, ara tirẹ̀ gan-an ń wá ibi tí yóò ti móoru. Ọyẹ́ ti dé. Lórí òkè wa yìí, bí oòrùn ọyẹ́ bá ti wọ̀, òtútù tó ń jáde láti inú àpáta kì í ṣe èyí tí aṣọ ń dá dúró. Ọ̀rọ̀ wá di ti adìẹ tó bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí wọ́n bá tan àpótí, iná lè gbé ọmọ. Tí wọn ò bá tàn án, òtútù á gbé e lọ.

Wọn ì bá gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n ẹnubodè òkè náà ní Adènà tirẹ̀, ọwọ́ ni yóò sì bèèrè. Ọmọ Òkè-Àká kì í ní ọwọ́ àfi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n bá tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ dígí tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́fà lòní. Kò lórúkọ, kò lọ́wọ́, kò lè kọjá. Bàbá rẹ̀ ti lọ bẹ̀ wọ́n níbẹ̀ láti ìyálẹ̀ta, ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń bẹ dígí.

Ìbídùn bi Fápohùndà pé bí òun bá ri ọ̀pá tuntun mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, tí òun ò fọwọ́ kan ti àtijọ́ rárá ńkọ́. Ọmọkùnrin náà ní òun ti rò ó bọ̀ lọ́nà. Ọ̀pá tí kò ní èdìdì, òfin mìíràn ló wà fún un, ó sì le ju èyí lọ, nítorí Adènà á pa iná gbogbo ilé náà lójú ẹsẹ̀. Kò sí irin tó lè wọ ilẹ̀ Òkè-Àká tí Adènà ò ní mọ̀.

Oòrùn ti ń fara ti orí àpáta. Obìnrin náà wá bèèrè ohun tí kò fẹ́ bèèrè láti àárọ̀.

"Adènà. A ó gba kí ni? Owó ni àbí ọwọ́?"

"Owo," ni Adènà wí.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ìran méjì ti ń jìyà ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yìí. Oníṣẹ́ iná kan ní Òkè-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tú èdìdì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n bu owó ìtanràn fún un, ó san án, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Ní ọdún kan náà ni Bàbá Láṣebìkan tú èdìdì nítorí afọ́jú kan tí irin ilé rẹ̀ ń gbé. Ó sùn, ó jí, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ò ṣí fún un mọ́. Wọ́n ti gba ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ṣì wà lápá o, ìka márùn-ún pé, kìkì pé kò sí Adènà kankan tó mọ̀ ọ́n mọ́. Omi ò dà fún un, ààrò ò tàn fún un, ilé tí bàbá náà bá sì fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, iná ilé náà á kú títí ilé-iṣẹ́ yóò fi wá. Iyàrá kan nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà báyìí, ẹni bá ráyè níí ṣílẹ̀kùn fún un. Ọkùnrin tó tan iná sí ìdajì ìlú yìí.

Ìbídùn yíjú sí Fápohùndà, ó ní kó sọ tòótọ́ fún òun, èwo ni ilé-iṣẹ́ wọn ń kà. Ọmọkùnrin náà ní ọ̀gá méjì ló ń pín àga náà jókòó. Èyí àgbà ń kà á ní owó. Èyí tó ti ilé ẹ̀kọ́ òfin dé láìpẹ́ ń kà á ní ọwọ́, ó ní owó ìtanràn kì í ba èèyàn lẹ́rù mọ́. Ó ní òun ò mọ ẹni tó máa wà lórí àga nírọ̀lẹ́ yìí nínú wọn.

"Bó bá sì bọ́ sórí tábìlì Àbójútó Ilé?"

"Kò sí nǹkan kan tó máa ṣe yín, Àǹtí. Wọ́n tiẹ̀ lè kí yín."

Ẹ̀rù wá ba Ìbídùn wàyí, n ò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ nìkan. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ló kù tí Adènà àdúgbò náà mọ̀ sí oníṣẹ́ iná. Ọdún kan náà ni wọ́n ri gbogbo ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀, lẹ́yìn iná ńlá ọjọ́sí. Ti ahunṣọ ti já lóṣù tó kọjá, ti ìyá agbẹ̀bí ti já lónìí, ọkọ̀ọ̀kan ni àwọn tó kù yóò máa já títí òjò yóò fi dé. Bí òun bá fi ọwọ́ òun ra ọmọ kan ṣoṣo, ta ni yóò dá àwọn tó kù lóhùn? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ó ṣe ń rò ó ni ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, èékánná tó ti dúdú, àpá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Ó wọlé lọ wo ọmọ. Ì bá má wọlé, bóyá ì bá ṣe é ṣe fún un láti lọ sílé.

Ẹniọlá jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ṣí aṣọ díẹ̀ kí Ìbídùn lè rí ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ń dúdú bọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sunkún. Ọmọ tó ń sunkún ṣì ní agbára. Èyí kàn la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ, ìyá rẹ̀ ò sì ní agbára láti tún un gbé.

"Àǹtí," ni Ẹniọlá wí, "ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Kí ni Ìbídùn yóò wí? Pé ó ku kí ìgbìmọ̀ jókòó? Pé ọ̀rọ̀ ò lámì? Ó bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, ó fi ìka méjì tún orí ọmọ náà gbé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a ń fi í ṣeré lẹ́nu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Ìbídùn lọ́jọ́ náà pé òwe náà ò sọ iye tí yóò ná àgbà.

Ó jáde. Ó sọ fún Fápohùndà pé kó máa lọ, kó má baà wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò lọ. Ó yí ẹ̀yìn padà sí ọ̀pá irin náà, ó kọjú sí àpáta.

"Ojú tèmi ò sí níbẹ̀, Àǹtí," ló wí. "Ti Adènà ló wà níbẹ̀."

Ìbídùn kúnlẹ̀. Adènà pe orúkọ rẹ̀, ó ní kó yọ ọwọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ohùn kan náà, kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀. Puláyà gé òjé, ó já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ha ìdógùn-ún títí irin fi ń dán, ó gé orí wáyà tó jẹrà, ó bó o, ó lọ́ ọ mọ́ ọ̀pá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fún un pinpin. Kò yára. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó tiẹ̀ di ojú nígbà tó ku díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni, kò pé mọ́kànlá.

Ó wọlé, ó ní kí wọ́n tan àpótí. Ó fi tẹ́sítà tó fi ń mọ ibi tí iná wà kan irin rẹ̀, iná tẹ́sítà ò tàn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kò gbé e. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ìyá Dúródọlá fi ìgbọ̀nwọ́ wo inú rẹ̀ bí ó ṣe móoru sí, wọ́n wá tẹ́ ọmọ sí i. Ẹniọlá fi orí lé etí àpótí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọmọ náà ké, igbe kékeré bíi ti ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ló bá di pé àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rẹ́rìn-ín tí omi sì ń dà lójú wọn.

Adènà ò sọ nǹkan kan. Ìbídùn ń fetí sílẹ̀. Oòrùn wọ̀, iná ilé ò kú, ilẹ̀kùn ò pariwo. Fápohùndà yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó jọ pé Àbójútó Ilé ló bọ́ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Dúródọlá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ìbídùn ní kó dúró ná, kí òun fọ eruku ọwọ́ kí òun lè ṣe àmín dáadáa.

Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní kọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Omi ò dà.

Ó fà á sẹ́yìn, ó fi nu aṣọ, bóyá eruku ló bò ó. Ó tún nà án. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ó fi òsì sí i. Ìyá Dúródọlá ti dákẹ́ àdúrà, ó ń wò ó.

"Ìbídùn Ṣówándé ni mí," ló sọ fún ògiri, ó pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe pè é lọ́jọ́ kẹjọ.

"Mi o mo owo yi," ni Adènà wí.

Èyí òun yé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Adènà yé e láìsí àmì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níwájú bí ẹni tó ń gba nǹkan. Àwọn méjì ni kò lọ́wọ́ nínú ilé náà, òun àti ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, ọmọ náà yóò sì gba tirẹ̀ lọ́tùn-únla.

Ìyá Dúródọlá ò sọ pé kó pẹ̀lẹ́. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ wọ́ wá sídìí ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ tirẹ̀, omi dà. Ó mú ọwọ́ Ìbídùn, ó fi ọṣẹ sí i, ó ń fọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, ìka kọ̀ọ̀kan, abẹ́ èékánná, bó ṣe ń wẹ àwọn ọmọ tó ń gbà láti ọdún gbọọrọ wá. Wọ́n máa ń ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́. Tọ̀tún tòsì Ìbídùn kàn dúró ni, ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ wọ́n. Ìgbà náà ló sunkún.

Kò tíì nu ojú tán tí ẹnìkan fi ń pè láti ìta, ohùn obìnrin, ó ti sáré wá. Ó ń bèèrè bóyá Àǹtí Ìbídùn wà níbẹ̀. Ó ní ìkòkò irin orí ààrò àwọn ti ń gbé èèyàn láti ìrọ̀lẹ́, pé ó ti gbé ọkọ òun, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun pè é kó tètè máa bọ̀.

Ohun tó ti mọ́ ọn lára ló mú un gbéra. Ó gba àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ti ń dá obìnrin náà lóhùn pé òun ń bọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí dígí. Ó wá rántí. Ó fa ọwọ́ náà padà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó sì dúró ti ilẹ̀kùn, ó ń retí ẹni tí yóò bá a ṣí i.